Ẹni Tó Bá Wa Nídìí Oúnjẹ

Nínú ilé tí mò ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Ìlọrin, ilẹ̀kùn mẹ́ta ni èèyàn máa kọjá kó tó dé ibi tí a ti ń jẹun. Géètì wà, ilẹ̀kùn onírin wà, ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tún wà. Ọkọ ọmọ mi á gbé abọ́ tirẹ̀ lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ mi á máa fi ọwọ́ kan jẹun, á máa fi èkejì tẹ fóònù, àwọn ọmọ-ọmọ mi á ti jẹ tiwọn nínú yàrá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin tó ń ka mítà iná wọlé bá mi níbi tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà. Mo ní, "Ọmọ mi, o bá mi ire o, wá jẹun." Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ fi ọgbọ́n ta nǹkan fún, ó ní mítà lòun wá wò. Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi bá mi wí pẹ̀lú sùúrù, ó ní kí n yé pe gbogbo ẹni tó bá ti yọjú wá jẹun, pé bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ sọ pé òun á jẹ lóòótọ́ ńkọ́. Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè yẹn, ní Ọ̀mù-Àrán, lọ́dún tí nǹkan kọ́kọ́ le. Ó sì bá mi nígbà tí ara mi ò gbà á, nítorí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, Délé, èmi nìkan ni mo sì kù nínú àwọn tó wà nílé wa lọ́dún náà.

Ilé wa kì í dákẹ́ nígbà yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ayùn bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ dún, nítorí káfíńtà ni wọ́n, abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti ń rẹ́ pákó. Lẹ́yìn ayùn ni ìgbálẹ̀ mi, nítorí pé èmi ni mò ń gbálẹ̀ iwájú ilé, Délé ló ń pọn omi. Ìyá Ràfátù tó ń ta kẹrosíìnì àti ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á máa gbá rédíò rẹ̀ létí nítorí pé bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, odó ló kù. Ìró odó ló ń sọ fún àdúgbò pé oúnjẹ ń bọ̀. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, etí lásán ló fi ń mọ ilé tí wọ́n ti ń gúnyán, ẹni tó ń gún un, àti bí iṣu náà ṣe rí. Á ní, "Ìyá Ayọ̀ nìyẹn. Iṣu wọn ti lómi jù." Bí a bá sì lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni a ti ń jẹun, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, bàbá mi á sì kọjú sí ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá tí ojú wọn bá ti ṣe mẹ́rin, wọn á pè é: "Ẹ bá wa ire o, ẹ wá jẹun." Ẹni náà á dáhùn pé, "Á gba ibi ire," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Ayọ̀ á kọjá, Tísà Ọláòṣebìkan á kọjá lórí kẹ̀kẹ́, Múfútàù alápatà á kọjá pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀ nínú àpò sìmẹ́ńtì, wọn á pe gbogbo wọn, gbogbo wọn á dáhùn. Mo bi Ìyá Àgbà léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí à ń pe àwọn tí a mọ̀ pé wọn ò ní jẹ. Ó ní kì í ṣe oúnjẹ ni à ń fún wọn, a kàn ń sọ fún wọn pé a rí wọn ni. Ó ní ẹni tí a bá fẹ́ kó jẹ lóòótọ́, a máa sún fún un, a máa ní kí wọ́n bu omi ìfọwọ́ wá, ẹ̀ẹ̀mẹta la ó sì pè é. Ọmọ tó bá sì lọ jókòó sídìí oúnjẹ olóúnjẹ lórí ìpè kan ṣoṣo, ó ní kí á má ṣe jẹ́ kí òun mọ̀ pé ọmọ ilé wa ni. Báyìí ni mo ṣe kọ́ ọ. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Bàbá Bùnmi ni ọ̀rẹ́ bàbá mi tó sún mọ́ wọn jù. Jákọ́bù ni orúkọ wọn, orúkọ náà sì ni bàbá mi ń pè wọ́n, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àwọn méjèèjì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èkó ni Bàbá Bùnmi ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Nígbà tí owó epo pọ̀ nílùú, mọ́tò funfun ni wọ́n fi ń wálé lọ́dún Kérésìmesì àti Àjíǹde. Búrẹ́dì tó rọ̀ bíi tìmùtìmù á wà ní ẹ̀yìn mọ́tò náà, páànù mílíìkì fún Ìyá Àgbà, bàtà ilé-ìwé fún èmi àti Délé. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé agbéraga ni wọ́n: bí Bàbá Bùnmi bá ń jẹun ní faraǹdà ilé tuntun wọn, wọn kì í fi ẹnu lásán pe èèyàn. Wọ́n máa ń dìde, wọ́n á di ẹni tó ń kọjá lọ́wọ́ mú. A ti jẹ ìrẹsì níbẹ̀ tí a ò lè fi ẹsẹ̀ ara wa rìn délé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n bá wálé. Ilé-iṣẹ́ náà ti ní kí wọ́n máa lọ. Bàbá Bùnmi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí kan àti fáànù onídùúró, ìyàwó àti àwọn ọmọ dúró sí Èkó, wọ́n ní kí àwọn ọmọ parí sáà ilé-ìwé wọn ná. Sáà kan parí, òmíràn parí. Lójoojúmọ́, bó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́rin, Bàbá Bùnmi á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀, wọ́n á lọ sí pósófíìsì lọ béèrè lẹ́tà. Iwájú ilé wa ni wọ́n ń gbà bọ̀. Bàbá mi á pè wọ́n, wọ́n á dáhùn bí gbogbo èèyàn ṣe ń dáhùn, wọ́n á sì kọjá.

Ọjọ́ tó yàtọ̀, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí la ń jẹ. Bàbá mi ní, "Jákọ́bù, o bá wa ire, wá jẹun." Bàbá Bùnmi dúró. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé, wọ́n sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bí ọmọdé tó dé ilé-ìwé tuntun. Ọwọ́ Délé dúró nínú abọ́. Ìyá mi wo bàbá mi. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé ìpè kan ṣoṣo ni, mo sì dúró kí Ìyá Àgbà sọ nǹkan, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kàn ń jẹ òkèlè tirẹ̀ lọ ni. Bàbá mi sún, wọ́n fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo lórí ẹní, wọ́n sọ fún mi pé, "Mojí, bu omi ìfọwọ́ wá." Lẹ́yìn náà, wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jákọ́bù ti jókòó. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tí bàbá mi ṣe lọ́jọ́ náà. Òkèlè kéékèèké ni Bàbá Bùnmi ń bù, wọn ò sì fọwọ́ kan ẹran títí bàbá mi fi gbé e sí iwájú wọn.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń wá. Kì í ṣe ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n a kì í mọ ọjọ́ tí wọn ò ní wá. Nǹkan sì ti ń le fún àwa náà. Ẹni tó ní kí bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀dì fún òun á ní kó dúró ná, ẹni tó ń kọ́lé á fi ògiri sílẹ̀ láìkan páànù. Ìyá mi máa ń tò sórí ìlà láti àárọ̀ nítorí ọṣẹ àti ṣúgà, wọ́n á sì padà lọ́wọ́ òfo. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi àti bàbá mi ní yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ìyá mi ní èèyàn márùn-ún ni àwọn ń se oúnjẹ fún, pé bí gbogbo ẹni tí à ń pè bá ní àwọn á jẹ lóòótọ́ ńkọ́.

Bàbá mi ní, "Ẹni tí mo pè ló wá."

"Ẹ má pè é mọ́ nígbà náà."

"Kí n máa jẹun, kí n máa wò ó bó ṣe ń kọjá?"

"Bàbá Délé, ẹ jẹ́ ká máa ti ilẹ̀kùn."

Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n ní a bí àwọn sínú ilé náà, àwọn ò sì tíì rí ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí lọ́kàn ìyá mi. Wọn ò gúnyán mọ́. Èbà ni wọ́n ń tẹ̀, nítorí pé èbà kì í dún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ kí pósófíìsì tó tì, àwa ọmọ á máa jẹun nígbà tí oòrùn ṣì mú. Mi ò bá ìyá mi wí, mo ń sọ bó ṣe rí ni. Ẹni tí kò bá tíì pín kóńgò gààrí kan sí ọ̀nà márùn-ún, kó má tíì dá ẹjọ́ náà.

Ọjọ́ kan, bàbá mi lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo lọ wo pákó, Ìyá Àgbà sì wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lókè ọjà. Ẹnìkan ti mú iṣu mẹ́ta wá fún ìyá mi láti Òrò-Àgọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti jẹ iyán. Wọ́n gún un lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí odó, wọ́n fi ẹran ìgbẹ́ díẹ̀ sí ọbẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó tì í. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ìyá mi gbọ́ tí Ìyá Ràfátù ń kí ẹnìkan níta pé, "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Bùnmi, ṣé ẹ rí lẹ́tà?" Pósófíìsì máa tètè tì lọ́jọ́ náà, Bàbá Bùnmi sì ti tètè lọ síbẹ̀. Ìyá mi ní, "Mojí, lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Sọ fún wọn pé a ti jẹun tán."

Mo sáré lọ, mo fa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn mi, mo kúnlẹ̀. Bàbá Bùnmi béèrè bàbá mi, mo ní wọ́n lọ sí Àjàṣẹ́. Wọ́n ní kò burú, kí n bá àwọn kí wọn. Wọ́n ti yí ẹ̀yìn padà láti máa lọ, ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán mi wà lẹ́nu mi, mi ò tíì jẹ́ ẹ. Mo ní, "A ti jẹun tán, sà."

Bàbá Bùnmi yí padà. Wọn ò béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò mí, wọ́n sì wo ọwọ́ mi tí ẹ̀gúsí kùn dé ọrùn-ọwọ́, tí ìlà òróró kan ń ṣàn lọ sí ìgúnpá. Òórùn ọbẹ̀ ti tẹ̀lé mi jáde. Wọ́n fún mi ní èsì tí ẹni tí a pè wá jẹun máa ń fún wa, wọ́n ní, "Á gba ibi ire." Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ẹni pé mo pè wọ́n, bí ẹni pé gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Wọ́n ní, "Lọ fọ ọwọ́ rẹ, kó tó gbẹ." Wọ́n sì ń lọ.

Wọn ò gba iwájú ilé wa mọ́. Ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n ń gbà lọ sí pósófíìsì, ọ̀nà tó jìn, tó sì kún fún ẹrẹ̀. Bàbá mi ṣe ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Ràfátù ló sọ fún wọn pé ọmọ wọn ló lé Bàbá Bùnmi lẹ́nu ọ̀nà, pé òun gbọ́ ọ láti ibi tí òun ti ń wọn kẹrosíìnì. Kò sọ ọmọ tí ó jẹ́, bàbá mi náà ò sì dúró béèrè. Wọ́n wọlé bá wa nídìí oúnjẹ. Wọn ò jókòó.

"Ta ló bá Jákọ́bù sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà?"

Ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá mi, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Mo la ẹnu. Bí mo bá sọ pé èmi ni, ẹni tó rán mi ni wọ́n máa béèrè tẹ̀lé e, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè parọ́ fún bàbá mi. Délé, tó fi ọdún méjì péré jù mí lọ, dìde dúró. Ó ní, "Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo rò pé oúnjẹ náà ò ní tó wa ni."

Bàbá mi ò nà án. Ká ní wọ́n nà án ni, ì bá ti tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà títí iṣu tuntun á fi jáde, ẹnu ọ̀nà ni Délé á máa dúró sí bí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ bá délẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá, kó pè é lórúkọ, kó ní kó wá jẹun, àti pé ẹni mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ pè kí òun náà tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹni mẹ́wàá ò tètè kọjá, èbà rẹ̀ á ti le bí òkúta. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wá rí eré. Wọ́n á rọra kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Délé Wá-Jẹun. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Èmi ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ lórí ìloro.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìjìyà yẹn, bàbá mi ti mú un lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Bùnmi. Délé sọ fún mi nígbà tí wọ́n dé pé Bàbá Bùnmi wo òun fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wo òun, wọ́n wo bàbá wa, wọ́n sì ní, "Dìde. Ọmọ dáadáa ni ọ́." Omi inú gíláàsì lórí tíréè ni wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò, kò sí nǹkan mìíràn nílé. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n máa bọ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò wá. Kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n rí iṣẹ́ géètì ṣíṣọ́ kan ní Òrò, wọ́n sì lọ ń gbé níbẹ̀. Bí àwọn àti bàbá mi bá pàdé, wọ́n ń kí ara wọn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò tún jẹun pọ̀ mọ́ títí Bàbá Bùnmi fi kú.

Ìyá mi ò bá Délé sọ ọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀ tí mo gbọ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹran ìyá mi máa ń wà lábẹ́ èbà Délé, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Mo sì rí i pé láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó wá sílé wa tó lọ láìjẹun. Agbowó-orí, aláago, ẹni tó wá sin owó àwín tó sì gbé abọ́ lọ dípò owó, ìyá mi á sún fún un. Bí kò bá sí nǹkan kan rárá, wọ́n á se àgbàdo. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ kí n tó ní ìgboyà láti sọ pé, "Màmá, ó yẹ ká sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún Bàbá." Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Wọ́n ní Délé ti bá àwa méjèèjì gbé e. Bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ, láìgbọ́ ọ. Ìyá mi tẹ̀lé wọn.

Nígbà tí àìsàn dá Délé dúbúlẹ̀, mo lọ sí Ọ̀mù-Àrán lọ jókòó tì í. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ Bàbá Bùnmi yẹn, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ọ." Ó di ojú, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Mojí, ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?" Kò jẹ́ kí n padà síbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ín, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ṣẹ́gun, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bẹ̀rẹ̀ ìtàn Délé Wá-Jẹun. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó dìde, ó ń fi ara ṣe bí Délé ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe ń pe Múfútàù alápatà lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ kan kí iye lè pé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Ẹ̀rín tó dára ni, mi ò sì fẹ́ bà á jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti la ẹnu.

Mo ní, "Délé kọ́. Èmi ni mo sọ ọ́."

Tóyìn, àkọ́bí Délé, sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Màmá Ìlọrin, Dádì fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ fún wa. Wọ́n ní nítorí ìwà ojúkòkòrò táwọn hù yẹn làwọn ò ṣe lè jẹun láìpe èèyàn."

Mo ní, "Irọ́ ni wọ́n pa. Ìyá mi, màmá àgbà yín, ló rán mi, èmi ni mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Délé ò kúrò nídìí abọ́."

Káyọ̀dé, àbúrò Tóyìn, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. "Màmá àgbà? Màmá àgbà tí wọ́n máa ń fún akólẹ̀ lóúnjẹ?" Ó wo àwọn yòókù, gbogbo wọn sì ń mi orí, nítorí pé gbogbo wọn mọ obìnrin náà. Wọ́n ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Tóyìn ní kí n wá dùbúlẹ̀ díẹ̀, pé ọjọ́ mẹ́ta yìí ti pọ̀ jù fún mi. Wọ́n bu omi fún mi, mo mu ún. Kí n tó dé yàrá, mo gbọ́ tí Ṣẹ́gun tún ti ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Mi ò bínú sí wọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró fún lọ́jọ́ náà, ó ṣe é dé ojú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé èmi tí ó ṣe é fún gan-an ò rí i tú mọ́.